Àyọ̀ká àti Ilẹ̀kùn Ẹnubodè

Nọ́ọ̀sì tó ti gbẹ̀bí àìmọye ọmọ ní Ṣakí, ẹ wá wo bó ṣe ń bẹ̀rù àtitẹ fóònù!

Fóònù lásán kọ́ o. Àyọ̀ká ló ń tọ́jú Ilé Ṣakí, ibi tí àwọn ará ìlú ti ń tàkùrọ̀sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ti òyìnbó kankan. Àwọn ará Ṣakí ló dá a sílẹ̀ fúnra wọn, bí àwọn ará Ilua àti Ipapo náà ṣe ní tiwọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń yan ilé tó fẹ́ bá ṣe. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí láàárín ilé méjì, tọ̀hún á máa gbọ́ tibí. Bí wọ́n bá tì í, ó parí nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní gbúròó ẹnì kejì mọ́.

Ilé Ẹnubodè, ti àwọn oníṣòwò ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀, ló wá di ìjọ̀gbọ̀n. Gbájúẹ̀ kún ibẹ̀, wọ́n ń lu ará Ṣakí ní jìbìtì, àwọn tó ń tọ́jú ilé náà ò sì dá sí i. Ni ará ìlú bá dìbò pé kí wọ́n tilẹ̀kùn. Àyọ̀ká gan-an dìbò bẹ́ẹ̀. Kí ni ì bá ṣe? Ilé náà ti bàjẹ́ lóòótọ́.

Àmọ́ ibẹ̀ náà ni Mákindé, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, wà. Láti ìgbà tó ti bá bàbá wọn jà, tó búra pé òun kì í ṣe ọmọ ilé wọn mọ́, kì í gbé fóònù ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó ń kọ sí Ẹnubodè, nípa ọ̀nà tó bàjẹ́ àti iṣu tó ń kó, nìkan ni Àyọ̀ká fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè. Ẹnubodè kì í sì í gba ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò, nítorí náà Àyọ̀ká ò lè lọ bá a níbẹ̀.

Ó ti kọ̀wé sí i: “Mákindé, wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn. Jọ̀ọ́, kó wá sọ́dọ̀ wa.” Kò sí èsì. Kó wá kẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ wọ Ilé Ṣakí gbọ́dọ̀ sọ agbo ilé tó ti wá, kí ẹnì kan níbẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Nígbà tí wọ́n ṣòfin yẹn, Àyọ̀ká ló pàtẹ́wọ́ jù. Eérú ń tọ ẹni tó dà á.

Bàbá Waheedat, alága wọn, pè é. “Àyọ̀ká, o ò tíì tì í? Wọ́n tún ti lu Ìyá Adéwùmí ní jìbìtì láàárọ̀ yìí!”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́.”

“Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ta lo ní níbẹ̀?”

“Àbúrò mi ni, sà.”

“Háà. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni. Tì í.”

Àyọ̀ká tì í. Ó wo ibi tí ọ̀rọ̀ Mákindé máa ń wà, ibẹ̀ ṣófo. Ó bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àwọn ọlọ́kadà ń wò ó, kò tilẹ̀ tijú.

Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti relé, fóònù dún. Ẹnì kan fẹ́ wọ Ilé Ṣakí. Mákindé ni! Níbi tí wọ́n ti ń béèrè agbo ilé, kò kọ orúkọ ilé bàbá wọn. Ó kọ ọ́ pé: “Ọmọ ilé Àyọ̀ká ni mí. Ẹ bi í.”

Òfin ò mọ agbo ilé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Okùn ọmọ ìyá yi, ẹ jàre. Àyọ̀ká kọ síbi ẹ̀rí pé, “Ọmọ ilé mi ni,” ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún un kó tó ronú ohun tí yóò wí fún Bàbá Waheedat.