Ìbòmú Ńlá, Ojú Kékeré

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín pé èmi fúnra mi kò gbọ́ híhanrun mi rí. Ẹ̀sùn lásán ni wọ́n fi kàn mí. Àwọn ọmọ mi ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, ọkàn àwọn máa ń balẹ̀ tí mo bá ti ń hanrun, nítorí kò sí olè tó jẹ́ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò wa kan sọ fún mi lójú ara mi pé òun ti rò pé jẹnẹrétọ̀ ni, pé ó ya òun lẹ́nu bí mo ṣe ń rówó ra epo sí i. Mo bú u dáadáa.

Ìyàwó mi nìkan ni kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní híhanrun kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù, ìgbà tí mo bá dákẹ́ ni. Ó ní màá hanrun lọ, màá hanrun bọ̀, lójijì ohùn á gé, àyà mi kò ní lọ sókè, kò ní lọ sílẹ̀, títí màá fi ṣàdédé mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò. Nítorí náà, ó máa ń na ìka sábẹ́ imú mi láti mọ̀ bóyá èémí ń jáde. Òórùn òrí tó fi ń pa ọwọ́ ló sábà máa ń jí mi.

"Kí lò ń wá ní imú mi?"

"Mò ń wò ó bóyá ẹ ṣì wà ni."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Màá kọjú sí ògiri, oorun á tún gbé mi lọ, òun á sì wà lójúfò títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òdogbolu ni ìyàwó mi. Láti ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó sùn lọ nínú ọkọ̀, ó kọjá Òdogbolu, Ayépé ni wọ́n ti jí i. Obìnrin tí kì í gba àwáwí lẹ́nu ọmọ tó bá pẹ́ dé iléèwé! Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn náà ló gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ, tí wọ́n ti kúrò nílé tipẹ́. Kò bá mi jà. Ó kàn sọ pé, "Bàbá wọn, tí n kò bá sùn, èmi tí mò ń ṣọ́ yín ni màá ṣáájú yín lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, n kì í dá sùn, àyàfi tó bá lọ wẹ ọmọ tuntun fún àwọn ọmọ wa. Bẹ́ẹ̀dì náà wá fẹ̀ jù. Mo ń nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, aṣọ tútù ló ń bá mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi padà sí yàrá, kí ó sì sùn níbẹ̀ bí ènìyàn. Ohun tó gbé mi dé ọsibítù nìyẹn, kì í ṣe ìbẹ̀rù ikú.

Dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun mi ló máa ń pa dé bí mo bá ti sùn, tí atẹ́gùn kò fi ní ríbi kọjá. Ẹ̀rọ kan wà, ó ní, kò tóbi ju rédíò lọ, tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn gba inú rọ́bà wá sínú ìbòmú tí màá so mọ́ ojú sùn. Ó júwe ibi tí wọ́n ti ń tà á fún wa.

Níbẹ̀, ọmọbìnrin tó ń tajà kó ìbòmú mẹ́ta síwájú mi: kékeré, àárín, àti ńlá. Ó ti mú páálí tí wọ́n fi ń wọn imú dání. Mo ní kó ṣe sùúrù ná.

"Èló ni kékeré yìí?"

Ó sọ iye rẹ̀ fún mi. Mo di àga mú.

"Ńlá ńkọ́?"

"Iye kan náà ni, sà."

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá a. Ìjẹ̀bú ni mí. Ta ni yóò ka irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tí yóò wá mú kékeré, nígbà tí ńlá wà níbẹ̀ tí wọn kò fi kọ́bọ̀ kan lé e? Ìyàwó mi fà mí láṣọ.

"Ẹ jẹ́ kó wọn ojú yín."

"Bàtà iléèwé tí bàbá mi kọ́kọ́ rà fún mi, ṣé wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi? Òwú la fi dí iwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi dàgbà, a yọ òwú kúrò. Bàtà yẹn ni mo fi parí iléèwé."

"Ojú ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ṣì ń dàgbà ni?"

"Mo lè sanra," ni mo dá a lóhùn. Títí di òní, n kò rí ohun tó burú nínú èsì yẹn. Ńlá la gbé délé.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ so ó, ìyàwó mi wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, atẹ́gùn kọ̀, kò wọ imú mi. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà jáde, ó kọrí sínú ẹyinjú mi. Ojú mi gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Ẹ̀gbẹ́ kejì ń súfèé. Bí mo bá yíjú sọ́tùn-ún, ohùn kan ni. Bí mo bá yíjú sósì, ohùn mìíràn. Ìyàwó mi tẹ́tí títí.

"Híhanrun yẹn sàn díẹ̀," ló wí. "Ìyẹn kò lórin nínú." Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó padà sí yàrá àwọn ọmọ.

Mo fa okùn rẹ̀ le. Mo fà á débi pé etí mi fẹ́ pàdé lẹ́yìn orí. Àpá rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi títí mo fi dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ni díákónì wa kan bá bi mí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin pé ìlú wo ni wọ́n ti bá mi kọlà. Àwọn òbí mi tó bí mi kò kọlà fún mi. Ọjọ́ ogbó ni mo wá fowó ara mi kọ ọ́.

Ni mo bá rántí bàtà mi. Mo ra òwú, mo fi dí gbogbo etí ìbòmú náà yíká. Ó dín súfèé náà kù díẹ̀. Mo wá mú ògbólógbòó gèlè ìyàwó mi, mo ní kó bá mi fi dì í lé e lórí, kó ta á ní kókó méjì lẹ́yìn orí mi kó má baà tú. Ó dì í. Ó sún sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Yéè! Agẹmọ ti wọlé! Obìnrin kì í wò ó o!" Ó sá jáde. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti yàrá kejì. Mo bínú gan-an, ṣùgbọ́n n kò lè bú u, nítorí bí mo bá la ẹnu, atẹ́gùn á tú jáde.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó padà wá bẹ̀ mí. "Ẹ jẹ́ ká lọ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Oorun ń pa mí." Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó yẹ kí n gbọ́. Mo ní òwú ṣì kù.

Dókítà ti sọ pé kí n máa lò ó lójú mọmọ pẹ̀lú, kó lè mọ́ mi lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí pálọ̀, ẹ̀rọ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òwú, ìbòmú àti gèlè wà lójú mi, mò ń wo bọ́ọ̀lù. Ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá wọlé láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun kò lè máa tọrọ àyè nílé àbúrò òun. Gaàrí ló gbé bọ̀ fún wa. Kò sì sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kankan fún un rí.

Ó rí mi. N kò lè sọ̀rọ̀, mo bá gbé ọwọ́ sókè, mo ń jù ú sí i díẹ̀díẹ̀ pé kó fara balẹ̀, kò sí nǹkan. Ó rò pé mò ń dágbére ni. Ó rọra sọ gaàrí náà kalẹ̀, kò jẹ́ kí ẹyọ kan dà nù, ó wá ká ọwọ́ lérí.

"Mo gbé o! Wọ́n ti fi àbúrò mi sórí atẹ́gùn! Ó ń dágbére fún mi! Ikú, èmi àgbà ni kó o bọ̀wọ̀ fún, èmi ni kó o kọ́kọ́ wá bá!"

Mo dìde. Ó ní kí n má dìde. Mo nawọ́ sí kókó gèlè lẹ́yìn orí mi, ìyàwó mi ti ta á le koko, òun fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Kí ó tó sáré wọlé wá tú u, ẹ̀gbọ́n mi ti fi fóònù pe àwọn ẹbí wa ní Ayépé, ó ti pe ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń pe ẹnìkan tí èmi kò mọ̀ rárá.

Kí oòrùn tó rọlẹ̀, pálọ̀ wa ti kún. Ẹni tó bá wá kí aláìsàn, kò sẹ́ni tó ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé búrẹ́dì wá. Bí wọ́n bá rí mi lórí ìdúró, màá rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà já wọn kulẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó mi ń pín ẹlẹ́rìndòdò fún wọn, èmi aláìsàn ni mò ń kó àga. Díákónì tó bi mí léèrè ilà náà dé, òun àti ìyàwó rẹ̀, ó ti ṣí Bíbélì rẹ̀ láti ẹnu géètì.

Mo ṣàlàyé títí. Ni wọ́n bá ní àwọn fẹ́ rí ẹ̀rọ náà, àwọn fẹ́ dán an wò. Ìyàwó mi mú sípírítì àti aṣọ funfun, ó ń nù ún bó ṣe ń kúrò lójú ẹnìkan bọ́ sójú ẹlòmíràn. Ó súfèé lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ó súfèé lójú àwọn ará Ayépé. Mo wò wọ́n, inú mi dùn: àṣé kì í ṣe ojú mi ló jẹ̀bi.

Ó wá kan díákónì. Kí n sọ òtítọ́, ojú díákónì wa lojú ń jẹ́: ó fẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, imú rẹ̀ jókòó dáadáa. Wọ́n gbé ìbòmú náà lé e, kò sí òwú, kò sí gèlè. Ó gba ojú rẹ̀ wẹ́kú. Kò sí súfèé. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní kí a máa bá àdúrà lọ, òun ń bọ̀ wá ṣe àmín. Kí a tó dé ìdajì àdúrà tí wọ́n ń gbà fún ẹ̀mí mi, ó ti sùn lọ fọnfọn.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó sún mọ́ ọn, ó tẹ́tí.

"Kò hanrun," ló wí pẹ̀lẹ́. "Èémí rẹ̀ kò sì gé." Ó na ìka sí etí ìbòmú náà, bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ tipẹ́. Ó gbójú sókè, òun àti ìyàwó mi wo ara wọn. Mo ti rò pé ìyàwó tèmi nìkan ló ń ṣe ìyẹn láyé yìí. Ojú tì mí, n kò lè ṣe àmín.

Díákónì lọ rí dókítà, ó ra ẹ̀rọ tirẹ̀, mo sì fi ìbòmú ńlá ta á lọ́rẹ. Èmi padà lọ bá ọmọbìnrin tó ń tajà, mo jẹ́ kó fi páálí wọn imú mi. Kékeré ni. Wọ́n kọ ọ́ sára okùn rẹ̀ gàdàgbà pé kékeré ni, fún èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ. Iye kan náà ló sì jẹ́. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi mú àlùmọ́gàjí, ó gé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí kúrò láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

"Ta ni yóò mọ̀?" ló wí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi la dán an wò, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àti ìrẹsì. Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó wo bó ṣe máa ṣe mí ni. Mo so ó. Atẹ́gùn wọ imú mi jẹ́jẹ́, kò gba ibòmíràn. N kò mọ ìgbà tí mo sùn.

Nígbà tí mo jí, orí mi fúyẹ́ bí ti ọmọdé. Mo gbọ́ ariwo kan. Mo fọwọ́ kan ìbòmú, kò súfèé. Mo yíjú. Ìyàwó mi ló sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ìrọ̀rí rẹ̀ wà lábẹ́ orí rẹ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń hanrun bí ẹni tó ń san gbèsè oorun. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti ń ronú bí màá ṣe ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ohùn náà bá gé.

Mo dúró. Kò mí. Mo wo àyà rẹ̀, n kò rí i kó lọ sókè. Mo na ìka sábẹ́ imú rẹ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run, títí èémí rẹ̀ fi kàn mí níka, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kò ṣíjú.

"Kí lẹ̀ ń wá ní imú mi?"

Mo fa ìbòmú kúrò nímú. "Mò ń wò ó bóyá o ṣì wà ni."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?" ló wí, ó sì kọjú sí ògiri.