Etí Ọ̀gá Katapílà

Ọ̀gá Katapílà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí katapílà kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Irin náà dàgbà jù ú lọ, etí ló sì fi ń wà á. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti yí ohùn padà báyìí, ó ti mọ̀ pé kùkùté wà lábẹ́ igbó nìyẹn, á sì dúró.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, nínú igbó kìjikìji tó ń ro lẹ́yìn ilé, kùkùté ló ń kọlù ṣáá. "Kùkùté ayé ìsinsìnyí ò níwà," ló ń wí. Bí ẹni pé kùkùté ń rìn.

Lọ́sàn-án, ó tún kọlu òmíràn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ó ń wo ẹsẹ̀ katapílà. Àfi bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ta gìrì.

"O ò wulẹ̀ pè mí?"

"Mo pè yín títí, ọ̀fun ń dùn mí."

"Ariwo ẹ́ńjìnnì yìí náà ni."

Obìnrin náà rọra gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀. Ó yí ojú ọkọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì kí n tó dé."