Adìẹ Ọ̀sìn Tó Lọ sí Òsì

Ìyá ìyàwó mi kú ní ọdún tí a ṣe ìgbéyàwó. Ohun tó kù lọ́wọ́ ìyàwó mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò pọ̀: ìró òfì kan, ìkòkò ọbẹ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ ti sán, àti àgbébọ̀ adìẹ kan tí ìyá náà fà lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Ọrùn adìẹ náà pá, kò níyẹ̀ẹ́ láti abẹ́ etí títí dé àyà.

Ayégbajú ni a wà nígbà náà, ṣáájú òmìnira, mo ń kọ́ni ní ilé ìwé ìjọ. Adìẹ náà pa ọmọ lẹ́yìnkùlé ilé tí a gbà. Àṣá gbé nínú wọn, ejò sì ṣán ìyá wọn pa. Nínú àwọn ọmọ náà, abo méjì péré ló kù, àwọn méjèèjì sì mú ọrùn pípá ìyá wọn. Wọn ò tíì yé ẹyin.

Ìyàwó mi sọ fún mi pé, “Tísà, bí méjì yìí bá kú láìyé, kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó tọwọ́ ìyá mi wá mọ́.”

Ó ń tọ́jú wọn bó ṣe rí ìyá rẹ̀ tó ń ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó wọ àgò, yóò há wọn mọ́ orúnkún lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò tẹ àpò tí oúnjẹ ń kọ́kọ́ rọ̀ sí nísàlẹ̀ ọrùn wọn. Bí ó bá le kókokòko, àgbàdo ni wọ́n jẹ. Bí ó bá rọ̀, ikán ni tàbí eèrí. Bí ó bá ṣófo nírọ̀lẹ́, ara adìẹ kò yá. Bí ó bá ṣì kún ní òwúrọ̀, oúnjẹ kò lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí abẹ́ ìyẹ́ wọn wò bóyá kòkòrò yọ̀rọ̀ ti wọ̀ wọ́n lára. Ó ní ìkòkò fífọ́ kan tó máa ń kó ṣùkù àgbàdo àti ìgbẹ́ màlúù tútù sí, tí yóò dojú rẹ̀ bolẹ̀ níbi tí ikán ń gbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ikán á ti kún inú rẹ̀.

Ìyá onílé wa máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó.

“Ìyàwó Tísà, ṣé o ti bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ká fi ẹran sí oúnjẹ wọn?”

“Mo bi wọ́n, ìyá. Wọ́n ní ọbẹ̀ tiyín ni kò níyọ̀.”

Nígbà tí ọyẹ́ mú, a gbọ́ pé lùkúlùkú, àrùn tó máa ń kó adìẹ lọ wìtìwìtì, ti wọ ìhà Igbólé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa adìẹ wọn jẹ kí àrùn tó pa wọ́n. Ìyá onílé pa tirẹ̀, ó sì ní kí a pa tiwa. Ìyàwó mi kò pa. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Òsì, ó ní kó wá gba ọ̀kan sìn, kí àrùn má baà bá àwọn méjèèjì lójú kan.

Ọ̀sìn ní òfin tirẹ̀ láàárín wa. Bí adìẹ bá pa ọmọ, ẹni tó sìn ín àti ẹni tó ni ín yóò pín in. Bí ó bá kú, olùsìn yóò di ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ wá fún olówó rẹ̀, kó lè mọ̀ pé a kò pa á jẹ. Ẹni tó ni ín kì í sì í lọ yọjú wò ó; bó bá lọ, ó pe olùsìn lólè nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó wo adìẹ náà.

“Ta ló sọ fún ọ pé àrùn kò mọ ọ̀nà Òsì?”

“Bó bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ wá fún mi.”

“Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà?”

“Ẹni tó gba ọ̀sìn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má gbàgbé àpò ọrùn ẹ̀ nírọ̀lẹ́.”

“Nígbà tí mò ń tọ́ ẹ, n kò tẹ ọrùn ẹ wò rí, o sì ń yó.”

Kò pẹ́ tí àrùn fi dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti ilé ìwé dé, mo bá ìyàwó mi lórí àpótí, adìẹ tó kù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti lọ́. Omi nìkan ló wà nínú àpò rẹ̀. Ìyàwó mi gún ata sómi fún un, kò gbé e mì. Nígbà tó kú, ó sin ín sẹ́yìn ọgbà, ìyá onílé sì ní a fi ẹran ṣòfò.

A tún gbọ́ pé lùkúlùkú ti dé Òsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ránṣẹ́. Mo ní kí n gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó.

“Kí ẹ lọ sọ fún un pé kí ni?” ni ó wí.

N kò lọ. Ó ṣì ń dojú ìkòkò bolẹ̀ níbi tí ikán ń gbà. Ikán ń kún un, kò sí adìẹ tí yóò jẹ ẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá. Agbọ̀n kékeré ló gbé dání, ó fi aṣọ bò ó. Agbọ̀n náà kéré sí adìẹ, kò sì sí ohun tó ń dún nínú rẹ̀. A kí i kú ìrìn, ó mu omi, ó béèrè àlàáfíà ilé. Ìyàwó mi ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára agbọ̀n.

“O kò gba ẹrù lọ́wọ́ mi?”

“Ẹ gbé e fún Tísà kí wọ́n bá mi tú u.”

Mo ká aṣọ náà. Òròmọdìẹ ló wà nínú òwú, wọ́n ti sùn. Ọ̀kan gbé orí sókè. Ọrùn rẹ̀ pá.

“Ìpín tìrẹ nìyẹn,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Tèmi wà nílé.”

“Ìyá wọn ńkọ́?”

“Ó wà ní Òsì, ó ń bú mi.”

“Ẹ kò sì ránṣẹ́.”

“Ṣé a máa ń ròyìn ẹyin tó wà lábẹ́ adìẹ ni?”

Ìyàwó mi mú ọlọ́rùn pípá náà sọ́wọ́, ó fi ìka kan tẹ ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀. “Kò tíì jẹun,” ni ó wí. Ó gbé e padà, ó dìde, ó lọ síbi ìkòkò ikán.

Adìẹ ọlọ́rùn pípá kò tán lẹ́yìnkùlé wa láti ìgbà náà. Nígbà ìsìnkú ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa jáde sẹ́yìnkùlé láti mú adìẹ tí wọn yóò fi ṣe àlejò. Mo ní kí wọ́n lọ ra èyí tí wọn yóò pa lọ́jà.