Wọ́n Fi Ọkọ Mi Ra Omi

Títí di òní olónìí, bí òjò bá rọ̀ sórí òkúta gbígbóná, tí òórùn rẹ̀ sì gba afẹ́fẹ́ kan, ma a dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró. Òórùn ara ọkọ mi nìyẹn.

Gbogbo ìlú wa, láàárín Ọ̀sí àti Ìlọ́fà, ló mọ apá àkọ́kọ́ ìtàn náà. Àwọn ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n: bí ọmọbìnrin aránṣọ kan ṣe lọ ṣẹ́gi lẹ́bàá àpáta ẹ̀yìn ìlú, tí iwin kan gbọ́ orin tó ń kọ, tí iwin náà sì tẹ̀ lé e wálé, tó fi ilé àti ẹbí sílẹ̀ nítorí ìfẹ́. Ibi ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Èmi ni ọmọbìnrin náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àtẹ́wọ́ yẹn ni kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ, nítorí pé kò bu ọlá fún ẹnikẹ́ni.

Òmùgọ̀ ni mí nígbà náà. Mo rò pé bí èèyàn méjì bá ti fẹ́ra, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Iwin kì í jẹ iyọ̀, nítorí náà èmi náà fi iyọ̀ sílẹ̀. Mo ń fi ọbẹ̀ ilá tí kò níyọ̀ jẹ iyán, mo gbẹ bí panla, síbẹ̀ mo ń yangàn fún àwọn oníbàárà mi pé ìfẹ́ ló ń mú ara mi dán. Ọkọ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀kadà, ó sì ń gbé èrò lọ sí Araròmí-Ọ̀pin. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ a máa sọ pé òun kò mọ̀ pé kòtò wà lójú ọ̀nà. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi, á pajú dé, á máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní bí òjò ṣe máa ń dún nínú ilé àwọn, nínú àpáta, nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, ṣèlérí fún ìyá ọkọ mi níwájú gbogbo èèyàn pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan àpáta náà. Ìyá ọkọ mi náà ṣèlérí pé odò tó ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń mu, kò ní gbẹ láé. Kò pẹ́ rárá tí àwọn afọ́kúta fi dé láti ìlú ńlá, pẹ̀lú katakata àti ẹ̀tù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú wọn wọlé. Kò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àpáta náà kọ́kọ́ bú gbàù, ọkọ mi wà lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dí etí, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nínú ilé wọn nínú àpáta tí wọ́n wó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò ti gbẹ.

Bí ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iwin kò gbé idà, àwa náà kò gbé ìbọn. Omi ni wọ́n fi ń bá wa jà, ẹ̀tù ni àwọn tiwa fi ń fèsì. Àwọn obìnrin ń lọ pọn omi àbàtà níbi tí màlúù ti ń mu. Ọmọ aládùúgbò mi mu nínú rẹ̀, ó ṣu, ó bì, ó kú. Èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín.

Wọ́n wá pe ìpàdé sí ìdí àpáta lọ́sàn-án gangan. Àwọn iwin dúró lápá kan bí òjìji tí kò nígi, àwa èèyàn jókòó lápá kejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé fìlà ńlá. Ìyá ọkọ mi ga, irun rẹ̀ sì funfun bí òwú. Wọ́n bú ara wọn títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ mi sọ pé, “Látìgbà tí ọmọ mi ti fẹ́ ọmọ yín lẹ ti kọjá àyè yín. Ẹ ti di àna wa, ẹ wá rò pé ẹ lè wọ yàrá wa.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mi orí. “Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Ìgbéyàwó yẹn gan-an ló fa gbogbo wàhálà yìí.”

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn. Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti parí rẹ̀: ọkọ mi á padà sínú àpáta, afọ́kúta á lọ, omi á ṣàn. Mo fò dìde.

“Ta ló mú afọ́kúta wá? Ṣé èmi ni? Ta ló dí odò? Ṣé ọkọ mi ni? Ẹ̀yin lẹ fọ́ ìkòkò, àwa tí à ń pọnmi lẹ wá ń lù!”

“Jókòó, ùwọ ọmọ yìí,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. “Àgbà ń sọ̀rọ̀.”

Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà lọ́jọ́ náà, t’èèyàn t’iwin. Àwọn gan-an ni wọ́n tẹ orí náà wọ́.

Ìyá ọkọ mi kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní kí ló rí sí i. Ọkọ mi wo obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú. Kò wo èmi. Ó ní, “Bí omi á bá ṣàn, mo gbà.”

“O kò bi mí,” ni mo wí.

“Ọmọ ń kú.”

“Mo mọ̀ pé ọmọ ń kú! Mo ní o kò bi mí!”

Ó wọnú àpáta bí ẹni wọ yàrá, òkúta sì padé.

Omi ṣàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n jó, wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúpẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan ru iṣu wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi; mo dà á síta. Mo di ẹ̀rọ ìránṣọ mi sẹ́yìn ọ̀kadà, mo kó lọ sí Ìlọ́fà, ibẹ̀ ni mo sì wà títí di ìsinsìnyí. Pásítọ̀ mi ní kí n dárí jì wọ́n. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó tọrọ ìdáríjì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ tún mú afọ́kúta wá. Odò tún gbẹ. Ni àwọn àgbà ìlú bá dé ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ṣí fìlà, àwọn tó ti ń pè mí ní ‘ùwọ’ wá ń pè mí ní ‘ẹ̀yin’.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ ọkọ yín.”

“Lọ́jọ́ tí mo ní ọkọ,” ni mo dá wọn lóhùn, “ẹ ní kí n jókòó. Mo ti jókòó. Ẹ lọ lé àwọn tó ń fọ́ òkúta. Ọ̀nà odò nìyẹn, kò gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá.”

Wọ́n bínú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹgbẹ dé ọ̀fun, àwọn obìnrin ìlú lọ jókòó síwájú katakata pẹ̀lú korobá wọn, wọ́n ní àwọn kò dìde. Àwọn afọ́kúta dúró títí, wọ́n kẹ́rù wọn, wọ́n lọ. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, omi ti dé. Kò sí ọkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi rà á.

Ẹni tó wá ròyìn rẹ̀ fún mi rò pé inú mi á dùn. Mo sìn ín dé ọ̀nà, mo padà sídìí ẹ̀rọ, mi ò sì lè rán nǹkan kan. Ikú ọmọ yẹn dùn mí, ìwà ẹ̀gbọ́n bàbá mi dùn mí, pé ọkọ mi kò bi mí dùn mí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi nínú jù lọ, tí kò sì jọ pé yóò tán, ni pé lílé àwọn afọ́kúta lọ rọrùn tó bẹ́ẹ̀.