Ìkòkò Kọ́bọ̀ Mosúnmọ́lá

Mosúnmọ́lá kì í ṣe ọmọ Adó. Ìrágbìjí ni ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìyìn, ti fẹ́ ẹ wá, ó sì ń lọ ata lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Adó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Kọ́bọ̀ la fi ń san owó ata lílọ̀ nígbà náà. Owó ìwé tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, á lọ ṣẹ́ ẹ sí kọ́bọ̀, á dà á sínú ìkòkò tó rì mọ́lẹ̀ nínú yàrá.

Àlọ́ ló kó bá a. Ìyá rẹ̀ àgbà ti pa á fún un lábẹ́ òṣùpá pé ní ìlú abẹ́ odò, irin ni gbogbo owó: pupa fún oúnjẹ, funfun fún ilẹ̀, dúdú fún ọjọ́ orí, kò sì sí èyí tó ń kú níbẹ̀.

“Ìyá Káyọ̀dé,” á wí fún mi, “ìwé ni ikán ń jẹ. Ta ló rí ikán tó jẹ irin?”

Èmi náà ò rí i rí.

Nígbà tí ọkọ kú, inú ilé rẹ̀ ní Ìyìn ni wọ́n sin ín sí. Mosúnmọ́lá fẹ́ kí wọ́n sin òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àfi bí ìjì ṣe ká òrùlé ilé náà lọ lọ́dún 1997. Ìbítóyè, àbúrò ọkọ, wá bá a.

“Ìyàwó, ògiri amọ̀ ni. Bí òjò bá dé tí o ò tí ì fi pánù bo ulé yìí, màá gbin nǹkan síbẹ̀.”

La bá hú ìkòkò, a fi ọmọlanke gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọlálérè onípánù ní àdúgbò Adébáyọ̀.

“Màmá, òkúta lẹ kó wá?”

“Owó ni.”

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan wò. “Lọ́jọ́sí, èyí á bo ilé. Nísinsìnyí gbogbo rẹ̀ ò ju pánù méjì lọ, ta ló sì máa gbà á lọ́wọ́ mi? Alágbe ń dá a padà.”

“Ẹ tún un wò. Kò jẹrà.”

“Kò jẹrà lóòótọ́. Káfíńtà lè lù ú pẹlẹbẹ, kó fi sábẹ́ orí ìṣó kí òrùlé má baà jò. Ẹ ṣáà ní pánù ná.”

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mosúnmọ́lá yí ọmọlanke padà sílé.

Òjò àkọ́rọ̀ ló wó ògiri náà lé sàréè lórí. Ìbítóyè gbin kókò síbẹ̀, ó ta dáadáa, amọ̀ ilé àtijọ́ lọ́ràá. Mosúnmọ́lá lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

“Ìyá Káyọ̀dé,” ló wí nígbà tó dé, “bí mo bá kú, ibi tẹ́ ẹ bá rí ní Adó ni kẹ́ ẹ sin mí sí. Mi ò mọ abẹ́ kókò tí ọkọ mi wà mọ́.”