Ṣọ́ọ̀bù Ọṣẹ Tí A Kọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Arábìnrin kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú ní Ìjàyè, wọ́n sì máa ń gbé e lọ tà ní ọjà Ṣáṣá. Ìjọ Aládùúrà kan náà ni àwọn àti arábìnrin yìí ń lọ. Ó fi ọṣẹ wọn wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Màmá, kí lẹ ṣì ń ru ú kiri fún? Inú kọ̀ǹpútà làwọn èèyàn ti ń rajà lọ́dọ̀ wa báyìí."

Ìparí àwọn ọdún 1990 là ń wí yìí o. Kò sí fóònù lábúlé wọn, iná mànàmáná sì máa ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Màmá, bí mo ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn, wọkọ̀ wá bá mi ní Alakia, níbi tí mo ti ń bá ọ̀gá mi tẹ káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi sọ ọ́.

"Mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kan nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ìwọ lo mọ ibẹ̀."

Ìwé títẹ̀ nìkan lèmi mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá mi tàn bó ṣe gbọ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, kò tilẹ̀ fẹ́ kí n máa pe òun ní "ẹ̀yin", ó ní ó ń sọ òun di arúgbó. Ó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì nígboro Ìbàdàn, kò kàn tíì rí ẹni tó máa ṣe é fún ni. Ó fa àga fún Màmá, ó mú páálí kan, ó ní kí a kọ́kọ́ ya bí ibẹ̀ ṣe máa rí.

Màmá na ọrùn wo páálí. "Ṣé ojú títì ló wà?"

"Kò sí títì níbẹ̀, Màmá."

"Kò sí títì! Báwo làwọn oníbàárà ṣe máa débẹ̀?"

"Inú ilé wọn ni wọ́n máa jókòó sí. Ṣọ́ọ̀bù ló máa lọ bá wọn."

Màmá wò mí bíi pé kí n bá wọn béèrè bóyá ara ọmọkùnrin yìí yá. "Ta ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Mi ò fẹ́ ẹlẹ́ja o. Òórùn ẹja máa ń wọ ọṣẹ."

Ọ̀gá búra pé kò sí ẹlẹ́ja nítòsí. Ó wá ṣàṣìṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù náà máa wà ní ṣíṣí tọ̀sán tòru.

"Tọ̀sán tòru! Kí àwọn olè lè ráàyè kó mi lọ́ṣẹ?"

Ìkíni gan-an la fẹ́ torí ẹ̀ jà. Ọ̀gá kọ "Ẹ káàbọ̀" sókè páálí, ó ní ọṣẹ ló kàn. Màmá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí àlejò máa wọlé bọ̀, kí n kàn na ọṣẹ sí i lójú? Kọ ọ́ síbẹ̀: Ṣé dáadáa lẹ dé? Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìrìn."

"Wọn ò rìn, Màmá. Wọ́n jókòó ni."

"Kọ 'Ẹ kú ìjókòó' kún un."

Ó gba bírò rẹ̀ padà, ó kọ ọ́. Nígbà tí ìkíni yẹn fi parí, ọṣẹ ti lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ó wá ku fọ́tò. A mú ayàwòrán kan lọ sí Ìjàyè. Màmá to ọṣẹ sínú àwo, wọ́n jókòó tì í níwájú ilé. Ọkọ wọn, tí kì í sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ, bá jáde pẹ̀lú agbádá tí wọ́n fi kírun ọdún Iléyá, rédíò sì wà ní abíyá wọn.

"Bàbá, ọṣẹ la fẹ́ yà," ni mo wí.

"Iwájú ilé ta ni ọṣẹ ọ̀hún wà?"

Wọ́n dúró sẹ́yìn ìyàwó wọn. Bí kámẹ́rà ṣe fẹ́ dún, àkùkọ Bàbá fò sójú fèrèsé lókè orí wọn, ó na ọrùn bí ẹni tí wọ́n pè wá.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, Màmá dé sí Alakia nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ìgò omi àdúrà. Wọ́n gbàdúrà gan-an, a ṣe àmín. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ìgò. Ọ̀gá mi fò dìde, ó dì mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Màmá, iná! Iná wà nínú ẹ̀!"

Màmá rò pé ó ń jó ni. Wọ́n da gbogbo ìgò lé e. Ẹ̀yìn ọ̀gá ló gba omi náà, kò sì kan kọ̀ǹpútà rárá.

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó, ó so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń gé páànù. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè.

"Páànù ilé wa rèé!" Màmá dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ijó.

Àkùkọ yọ. Fìlà Bàbá yọ. Fóònù já. Màmá kò rí ara wọn, wọn ò sì rí ọṣẹ, ṣùgbọ́n wọ́n jó dé ìta.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ímeèlì àkọ́kọ́ tó dé. Ọmọ Yorùbá kan ló kọ ọ́ láti Kánádà, ó sì fara balẹ̀ dáhùn ìkíni lọ́kọ̀ọ̀kan. Dáadáa lòun dé. Ilé wà. Ìyàwó kò tíì sí, kí ẹ bá òun wá a. Ó ní fọ́tò kò parí lójú òun, òun ò mọ ohun tí a ń tà gan-an, àfi bó bá jẹ́ àkùkọ yẹn. Èló ni?

Nígbà tí mo kà á fún wọn ní Ìjàyè, Bàbá gbé fìlà wọn gẹ̀gẹ̀. "N kò tà á!"

"Ẹ jẹ́ ká pa á," ni Màmá wí. "Ó ń lé oníbàárà mi."

"Ẹni tí wọ́n ń béèrè ní Kánádà lo fẹ́ sè?"

A kọ̀wé padà pé ọṣẹ ni. Ará Kánádà kò dáhùn mọ́.

Ṣùgbọ́n Màmá ti ń sọ fún gbogbo Ṣáṣá pé àwọn ti ní ṣọ́ọ̀bù nínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá béèrè ibi tó wà, Màmá á ní, "Alakia." Ni àwọn èèyàn bá ń wá. Obìnrin kan wọlé, ó bi ọ̀gá mi bóyá ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó ń tọṣẹ, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ láti mọ ibi tó ń gbà jáde. Ọ̀gá kọ́kọ́ ń ṣàlàyé. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí Màmá gbé páálí ọṣẹ kan wá sábẹ́ tábìlì. Láìpẹ́, ọṣẹ ń yá ju káàdì ìgbéyàwó lọ, àwọn bọ́tìnnì tí mo fi ń tẹ̀wé sì ń yọ̀ mí lọ́wọ́.

Òjò kan ló ba wáyà fóònù jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa tún un ṣe, ojú ewé wa ti pòórá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú ti ọ̀gá láti sọ ọ́, èmi ni mo lọ sọ fún Màmá nídìí ìkòkò.

Wọ́n ń ro ọṣẹ lọ. "Èyí tó wà lábẹ́ tábìlì ńkọ́?"

"Wọ́n ti rà á tán, Màmá."

"Kí ló wá bàjẹ́? Bá mi fa igi yẹn kúrò nínú iná, ọṣẹ yìí ti fẹ́ jinná."