Ọdún Mọ́kànlá Pẹ̀lú Obìnrin Atukọ̀

Àbúrò mi obìnrin kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Olùkọ́ ìtàn ni ní ilé-ìwé girama, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ ọ́ ní Àǹtí Ayé-Àtijọ́, nítorí kò sí ìbéèrè tí ẹ lè bi í tí kò ní ti ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀. Bí ìsinmi bá dé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń na ẹsẹ̀ nílé, òun á gbé báàgì kọ́ èjìká, ó di ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn kóòtù. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí obìnrin kan tó ti kú láti bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún ni. Akọ̀wé ìgbà náà kọ ìtàn rẹ̀ sára awọ àgùntàn gígùn kan tí wọ́n ká bí ẹní. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fi ń gbé èèyàn sọdá odò sílẹ̀ fún un, àwọn ọkùnrin ìlú ní obìnrin kò gbọdọ̀ tukọ̀, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre. Ọjọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ ka ibi tí ó ti jàre, ó fò sókè lórí àga débi pé wọ́n bá a wí.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Oṣù mẹ́ta ló lò kó tó mọ̀ pé àmì kan tó dà bí ìwọ̀ ẹja, lẹ́tà méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Eku ti jẹ etí awọ náà, omi ti ba àárín rẹ̀ jẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti fẹ́ dùn gan-an ni ihò máa ń wà. Bírò kò gbọdọ̀ wọlé, aago mẹ́rin géérégé ni wọ́n sì ń tilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn á jókòó láti àárọ̀, kò ní rí ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, á wá délé máa jágbe mọ́ ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan bá là, ará àdúgbò á mọ̀. Ó pè mí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ó mà bú adájọ́ o! Ó bú u lójú gbogbo èèyàn!"

Mo ní, "Ta ni?" Ó ti pa fóònù.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí kì í lè ṣe kó má ṣàwàdà, máa ń sọ fún àlejò pé èèyàn mẹ́ta ló ń gbé ilé àwọn, àfi pé ọ̀kan nínú wọn kì í jẹun.

Ẹni tó ń tọ́jú ìwé ní ilé ìpamọ́ náà là ń pè ní Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń ró wọnwọn ní ìbàdí rẹ̀. Kí àbúrò mi tó dé, ó ti tẹ́ awọ náà sórí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Gbogbo orí ìwé tí àbúrò mi ń kọ nípa obìnrin atukọ̀ náà ló kà, ó ń tún un ṣe ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí bàbá wa kú, ó wá jókòó tì wá láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi sọ fún mi pé, "Tí mo bá yọwọ́ tiyín, òun ni ẹ̀gbọ́n mi."

Ní ọdún kẹjọ, àbúrò mi rí ìwé àtijọ́ mìíràn tó sọ pé afárá olókùúta ti wà lórí odò yẹn kí wọ́n tó bí obìnrin atukọ̀. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ta ló ń wọ ọkọ̀ níbi tí afárá wà? Ó gbé e lọ bá Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn wò ó pẹ́, ó ní, "Odò mìíràn ni, àbúrò mi. Orúkọ ló jọra. Má da ara rẹ láàmú." Àbúrò mi gbà á gbọ́, ó dá ìwé náà padà.

Nígbà tó di ọdún kọkànlá, ìwé tirẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ó ku ìlà kan tó fẹ́ tún wò. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, igbákejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, obìnrin kan tí kò tíì pé oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà kó gbogbo ohun tó ní nọ́ńbà awọ yẹn jáde, àti fáìlì pẹlẹbẹ kan tí àbúrò mi kò rí rí.

Lẹ́tà kan ló wà nínú rẹ̀, láti ilé àyẹ̀wò. Wọ́n ní awọ náà ti gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ha ohun tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò, èròjà kan sì wà nínú tàdáwà rẹ̀ tí kò tíì wà láyé ju àádọ́jọ ọdún lọ. Ayédèrú ni. Ọdún mẹ́ta kí àbúrò mi tó kọ́kọ́ wọ ilé náà ni wọ́n kọ lẹ́tà ọ̀hún. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan fọwọ́ kọ ọ́ pé, "Mo ti kà á." Ọwọ́ Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹni tó bá ti fi ọdún mọ́kànlá wo ọwọ́ èèyàn létí ìwé rẹ̀ kò lè ṣì í mọ̀.

Ó pè mí pé kí n wá, mo sì bá a lórí àtẹ̀gùn kóòtù. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ gbé mi lọ sílé rẹ̀."

Ọkùnrin náà wà nínú pálọ̀, bándéèjì bo ojú rẹ̀ kan. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi! Ṣé ìwé ti jáde ni?"

"Ẹ ti mọ̀ tipẹ́, Ọ̀gá."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ta ló fún ẹ ní fáìlì yẹn?"

"Ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹ́ bi mí nìyẹn?"

"Àwọn ọ̀gá lókè ní ká má sọ. Awọ yẹn làwọn èèyàn fi mọ̀ wá. Nígbà tó o dé, ó ti tó ọdún kan tẹ́nikẹ́ni ò jókòó sí yàrá ìkàwé wa. Mo rí bínú rẹ ṣe ń dùn. Mo ní màá sọ fún ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bọ́sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ nìyẹn."

"Afárá ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún bándéèjì rẹ̀ ṣe.

"Mo ní afárá ńkọ́? Òtítọ́ ti wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Èmi fúnra mi ni mo gbé e wá bá yín. Ẹ sì gbà á lọ́wọ́ mi."

"Mi ò fẹ́ kó o lọ ni," bẹ́ẹ̀ ló wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Àbúrò mi dìde. "Ẹni tó kọ irọ́ yẹn ò mọ̀ mí. Ẹ̀yin mọ̀ mí."

Inú mọ́tò mi ló ti sunkún. Mo rò pé nítorí ọkùnrin náà ni. Ó ní, "Wọn ò tiẹ̀ bí i rí, Bọ̀ọ̀dá mi." Obìnrin atukọ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí àwọn atẹ̀wé dá iṣẹ́ dúró. Ó wọ kíláàsì, ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé, "Irọ́ ni ìtàn obìnrin tí mo kọ́ yín. Èmi kọ́ ni mo pa irọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ." Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Àǹtí, ṣé adájọ́ tó bú náà ò sí ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá jáde kí ojú rẹ̀ má bàa tú u fó.

Ó kọ̀wé sí ilé ìpamọ́ náà. Wọ́n rọra gbé awọ ọ̀hún kúrò níbi tí àlejò ti ń wò ó, wọn kò bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ fẹ̀yìn tì. Ó fi lẹ́tà mẹ́ta ránṣẹ́, àbúrò mi kò ṣí ọ̀kankan. Ọkọ rẹ̀ ní kó kúkú kà wọ́n. Àbúrò mi ní, "Ohun tó kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà ilé àyẹ̀wò yẹn ti tó mi."

Ó ju ọdún kan lọ kó tó padà sí ilé ìpamọ́ náà. Ìwé ẹgbẹ́ àwọn aránbàtà ló ń kà báyìí, ta ló kọ́ṣẹ́, ta ló sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Kí ó tó ka ìlà kan, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní iṣẹ́ náà ṣì ń dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n kò pè mí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun àti Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ pàdé ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọkùnrin náà ní, "Àbúrò mi." Òun ní, "Ẹ káàsán, sà." Ó béèrè ojú rẹ̀, ìyẹn ní ó ti ń san. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá yíjú sí ẹni tó wà ní kàńtà, ó ní kó bá òun mú sítáǹbù méjì.